Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Àwọn Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìkẹjà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ṣe jìnnà sí ọkàn àwa ará Èkó tó, ẹ sọ fún ẹnìkan ní ibùdókọ̀ pé páàkì lẹ ń lọ. Ohun tí yóò bi yín ni pé, "Ìbàdàn ni àbí Ọ̀rẹ̀?" Páàkì lọ́dọ̀ wa, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ páàkì ti ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀. Pé ènìyàn dìde nílé, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó ní òun ń lọ sí páàkì láti lọ jókòó kí òun máa wo igi, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni.

Èmi náà kò rí iṣẹ́ ṣe ní ọdún 2022. Ẹ kò tíì gbàgbé ọdún náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni àwọn olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ní ti ìkìlọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Mo di aṣọ mẹ́ta sínú báàgì, mo fi ìkòkò àti sítóòfù mi sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nítorí mo rò pé kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, mo ti padà. Ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin di oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo padà lóòótọ́, èkúté ti bímọ sínú ìkòkò mi.

Àgídíǹgbì ni ilé wa wà, ní Ìkẹjà. Orúkọ kan náà yìí ni àwọn ará Èkó fi ń pe ogun ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dúró sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń yin àgbá lu ìlú. Bàbá mi máa ń fi ṣe àwàdà pé àdúgbò tí ó bá ń jẹ́ orúkọ ogun kò lè ní ìdákẹ́jẹ́. Kò parọ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ kan ń bú lápá ọ̀tún wa, ti ilé ìjọsìn ń dá a lóhùn lápá òsì, ọkọ̀ àjàgbé sì ń gba àárín wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó dákẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un. Apá òsì ni ó bá a jà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹnu rẹ̀ kò wọ́, ọpọlọ rẹ̀ sì pé pérépéré. Olùkọ́ ìṣirò ni kí ó tó fẹ̀yìntì, bí ẹ bá sì ṣi ìṣirò kan ṣe níwájú rẹ̀ títí di òní, ẹ ó gbọ́ ọ. Ìyá tí ó ń bá a na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn kìlọ̀ fún un pé, "Bàbá, ẹ máa rìn lójoojúmọ́ o, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò, gbígbé ni í gbé mọ́ni lára."

Níbo ni ènìyàn yóò ti rìn ní àdúgbò wa? Etí títì wa, gọ́tà ni. Orí gọ́tà, pákó ni, àwọn pákó náà ti jẹrà. Níbi tí pákó bá sì ti dára, ẹnìkan ti gbé àtẹ ọjà lé e. Síbẹ̀ bàbá mi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, nínú oṣù Kìíní. Ó mú ọ̀pá tí wọ́n rà fún un, ó jáde gba géètì. Kí ó tó dé ìdí òpó iná tí kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tiwa, ènìyàn mẹ́sàn-án ti dá a dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà." "Ha, ṣé ẹ̀yin nìyí?" "Olúwa yóò wò yín sàn o, sà." Ìyá kan tilẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá mi yí padà wọlé, ó gbé ọ̀pá náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Wọ́n ń kí mi bí ẹni ń kí òkú." Láti ọjọ́ náà, kò jáde ní géètì mọ́ àfi bí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Inú pálọ̀ ni ó ti ń rìn: ìṣísẹ̀ méje dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, ìṣísẹ̀ méje padà sídìí àga.

Bí ilé ṣe rí nìyẹn nígbà tí ìyanṣẹ́lódì lé mi dé.

Kẹ̀kẹ́ náà wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ táńkì omi. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, nítorí bí ẹ bá sọ pé kẹ̀kẹ́ lásán ní Èkó báyìí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń gbé èrò ni wọn yóò rò. Raleigh ni. Bàbá mi rà á ní ọdún 1981, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Ìsẹ́yìn. Òun ni ó gùn lọ sílé ẹ̀kọ́, òun ni ó gùn lọ sóko, orí rẹ̀ ni ó sì ti gbé màmá mi sẹ́yìn lọ fi han ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó kó wá sí Èkó, ó gbé e sórí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù ilé. Èmi gan-an, orí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ gígùn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi á di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, á máa sá tẹ̀lé mi, á máa pariwo pé, "Àbẹ̀kẹ́, má wo táyà! Iwájú ni kí o wò!"

Mo fà á jáde lóṣù Karùn-ún nítorí pé ìwé kò ṣeé kà mọ́. Ìpata ti jẹ ṣéènì rẹ̀ tán. Mo tì í dé Agége, lọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri. Ó wò ó yíká, ó fi èékánná ha férémù rẹ̀, ó ní, "Ta ni ó ni èyí? Kí onítọ̀hún má tà á o." Táyà méjì, túùbù méjì, ṣéènì, rọ́bà bíréèkì àti iṣẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦14,500. Owó tí mo tọ́jú fún ìwé ìparí ẹ̀kọ́ mi ni mo san níbẹ̀. Mo rò ó pé bí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ìwé ìparí ẹ̀kọ́.

Màmá mi kọ́kọ́ fárí. Ó ní, "Ọmọbìnrin tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ láàárín àwọn dánfó, ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ohùn màmá mi fi yí padà. "Àbẹ̀kẹ́, sáré fi ohun tó o gùn yẹn bá mi ra ata wá."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà ni mo gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. N kò ní ibi kan pàtó tí mò ń lọ. Bí ẹ kò bá tíì gun kẹ̀kẹ́ ní Ìkẹjà ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ kò tíì mọ̀ pé Ìkẹjà lẹ́wà. Títì ṣófo. Àwọn agbálẹ̀ nìkan ni wọ́n wà níta pẹ̀lú àwọn lékèélékèé tí wọ́n ń já kòkòrò nínú koríko. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dé Aláusá, níbi tí Sẹkitéríà ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Àfi bí mo ṣe rí ọgbà kan tí géètì rẹ̀ ṣí, tí àwọn àgbàlagbà méjì wọ bàtà eré ìdárayá tí wọ́n ń rìn yí i ká jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò kí wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sunkún lé wọn lórí.

Mo sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, mo wò wọ́n títí. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mò ń wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ìwé kékeré kan nínú àpò mi. Ìbéèrè márùn-ún ni mo kọ síwájú rẹ̀. Èkíní, ṣé ẹni tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lè wọlé láì gun àtẹ̀gùn? Èkejì, ṣé ilẹ̀ tẹ́jú? Ẹ̀kẹta, ìjókòó mélòó ni ó wà, báwo ni wọ́n sì ṣe jìnnà síra wọn? Ẹ̀kẹrin, ṣé ilé ìtọ̀ wà, ṣé ó sì ṣí? Ìkarùn-ún, èló ni wọ́n ń gbà? Gbogbo ọgbà tí mo bá dé, mo máa dáhùn ìbéèrè márààrún, màá sì fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti ìjókòó kan dé èkejì.

N kò sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá mi. Mo kàn ń ròyìn ibi tí mo lọ fún un lálẹ́, bí ẹni tí ń pìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè tan olùkọ́ ìṣirò jẹ. Ní alẹ́ kẹta, ó ní kí n gbé ìwé náà wá kí òun rí i. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wá ní kí n fún òun ní rúlà àti bírò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó fi fa ìlà, èmi ni mo bá a tẹ rúlà mọ́lẹ̀. Ó pín ìbéèrè márùn-ún sí máàkì mẹ́rin mẹ́rin, ó ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogún. "Bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan, ká ṣe é dáadáa." Báyìí ni ó ṣe di olùyẹ̀wò àwọn ọgbà tí kò tíì fojú rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo rí fún yín.

Ọgbà pọ̀ ní Ìkẹjà ju bí mo ṣe rò lọ. Láti ìgbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá ni Èkó ti ń gbin igi àti òdòdó gan-an, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdọọdún sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ní ọdún 2011 ni wọ́n dá àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní LASPARK. Ṣùgbọ́n oríṣi ọgbà méjì ni ó wà, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Oríṣi kan, ọgbà tí a ń wò kọjá ni. Ó wà ní àárín oríta, ó wà lábẹ́ afárá, ó wà létí títì ńlá. Òdòdó rẹ̀ ń dán, koríko rẹ̀ dọ́gba, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé wọn wọ́ nílẹ̀ bí agọ̀ eégún tò lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n irin yí i ká, kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Oríṣi kejì ni ọgbà tí a lè jókòó sí. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ti mọ̀ pé oríṣi kìíní pọ̀ ju oríṣi kejì lọ fíìfíì. Ẹni tí ó wà nínú dánfó rí àwọ̀ ewé, ó ní ìjọba gbìyànjú. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò sọ̀kalẹ̀, yóò wá ẹnu ọ̀nà, yóò yí i po lẹ́ẹ̀mejì, kò ní rí i.

Ní ọgbà kékeré kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà, ṣé kí n gbé e síwájú yín níbí?" Ó ní bí wọ́n bá jí i, òun kò mọ̀ sí i. Mo ní kí n kàn yọjú wo ibi ìjókòó. Ó ní owó wíwọlé wà, bí mo bá sì yọ fóònù láti ya àwòrán, owó tirẹ̀ tún wà. Mo bi í pé èló ni ti ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó lásán. Ó wò mí, ó ní, "Jókòó lásán ṣe kí ni?" Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá mi, ó fún ọgbà náà ní oókan nínú ogún. Ó ní oókan yẹn, ti òdodo ẹ̀ṣọ́ náà ni.

Òmíràn dára púpọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí ẹní, ó sì gba máàkì mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ Sátidé ni mo padà lọ láti wò ó dáadáa, mo bá kánópì mẹ́rin níbẹ̀, ìyàwó ń jó wọlé, àlángà ń sọ̀rọ̀ nínú makirofóònù. Wọ́n ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi í háyà. Bàbá mi gba máàkì mẹ́ta padà.

GRA Ìkẹjà wá yàtọ̀. Àwọn òyìnbó tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé láyé amúnisìn, nítorí náà wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún igi. Bí mo bá kúrò nínú oòrùn Ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí mo yà síbẹ̀, bí ẹni tí ó wọnú yàrá ni. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní orúkọ Ṣóbọ̀ Aróbíodu, akéwì ọmọ Ẹ̀gbá. Mo máa ń dúró díẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn kí n mu omi, nítorí kíláàsì lítíréṣọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú mi sì máa ń dùn pé mo rí ojúlùmọ̀ kan láàárín àwọn ọlọ́rọ̀. Òjìji pọ̀ ní GRA, ṣùgbọ́n kò sí ibi ìjókòó. Lẹ́yìn ògiri ni igi wọn wà. Ojú òkèèrè ni a fi ń jẹ ìgbádùn rẹ̀.

Àwọn ènìyàn kò dákẹ́ fún mi o. Ọmọbìnrin lórí Raleigh! "Àǹtí, ẹ máa rọra o!" "Sísí, ṣé kò sí owó ọkọ̀ ni?" Awakọ̀ kan rọra ń bá mi rìn lọ, ó ní òun yóò ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún mi bí mo bá fún òun ní nọ́ńbà mi. Agogo kẹ̀kẹ́ náà ṣì ń dún. Mo fi dá a lóhùn.

Aláusá ni mo máa ń padà sí. Ọgbà Ndubuisi Kanu wà níbẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun ojú omi tí ó ṣe gómìnà ológun ní Èkó sọ. Ọgbà Johnson Jákàńdè Tinúbú náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń gé kúrú sí JJT. Gómìnà mẹ́ta ni: Mobọ́lájí Johnson tí ó kọ́kọ́ ṣe é nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1967, Lateef Jákàńdè tí àwọn ènìyàn dìbò yàn ní ọdún 1979, àti Bọ́lá Tinúbú tí ó wọlé ní ọdún 1999. Bàbá mi gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní, "Jákàńdè ni ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ni ní Èkó. Fi máàkì kan kún un." Mo ní, "Dádì, èyí kì í ṣe ìbéèrè." Ó ní, "Èmi ni mo ṣètò ìdánwò."

Ìrìn àjò mi tí ó gùn jù ni ti Ọjọ́ta. Mo gba Òpópónà Kudirat Abíọ́lá, tí wọ́n fi orúkọ ìyàwó M.K.O. sọ, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Nígbà tí mo dé ìdí títì márosẹ̀, mo rí i pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbà. Raleigh kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé gun àtẹ̀gùn, irin gidi ni. Ọmọkùnrin kan tí ó ń ta ìpékeré ni ó bá mi gbé e lẹ́yìn, igbá ìpékeré rẹ̀ wà lórí, kò fi ọwọ́ kàn án, kò sì bọ́. Báyìí ni mo ṣe dé ọgbà Gàní Fáwẹ̀hìnmi, níbi tí ère rẹ̀ gàgàrà dúró sí. Ariwo ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mo dáhùn ìbéèrè márààrún. Kò gba máàkì púpọ̀.

Lálẹ́, kí n tó ka máàkì náà tán, bàbá mi ní, "Mo mọ ibẹ̀." Ó ní ní oṣù Kìíní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo fò láti ₦65 lọ sí ₦141 lórí lítà kan, òun wà nínú ọgbà náà. Láti ọjọ́ 9 oṣù náà ni iṣẹ́ ti dúró káàkiri, kò sí ọkọ̀ lójú títì. Ẹsẹ̀ ni òun fi rìn láti Àgídíǹgbì dé Ọjọ́ta, ẹsẹ̀ ni òun sì fi rìn padà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí kò ju pé bàbá mi máa ń dé lálẹ́ tí eruku bo bàtà rẹ̀, màmá mi á sì máa bínú. N kò bi í rí pé níbo ni ó ń lọ.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Àtẹ̀gùn mélòó ni ó wà lórí afárá yẹn?"

Mo ní, "N kò kà á, sà."

Ó ní, "Bí o bá tún débẹ̀, kà á."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Aláusá. Kò bẹ̀bẹ̀ ó bẹ̀ mí, kò sì ṣàlàyé. Aládùúgbò wa kan gbé òun àti màmá mi sínú ọkọ̀ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi sì ti gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú wọn. Nígbà tí wọ́n dé, ó sọ̀kalẹ̀, màmá mi na ọ̀pá sí i. Kò gbà á. Ó dúró, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà oníkọnkéré tí ó gba àárín koríko lọ. Àwọn méjì kan ń sáré jẹ́jẹ́ kọjá. Wọn kò wò ó.

Ó ní, "Gbé kẹ̀kẹ́ yẹn wá."

Àyà màmá mi já. Ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní gùn ún o." Bàbá mi kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi ọ̀tún gbé òsì lé ìkejì, ìka rẹ̀ kò ká tán, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kẹ̀kẹ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀. Mo sáré lọ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ó má bàa sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Báyìí ni a ṣe ń lọ, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, màmá mi ń tẹ̀lé wa pẹ̀lú ọ̀pá tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí ń ṣọ́ olè. Mo ní, "Dádì, ẹ má wo ẹsẹ̀ yín. Iwájú ni kí ẹ wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti oṣù Kejìlá, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Láti ìjókòó kìíní dé èkejì jẹ́ ìṣísẹ̀ ogójì ní ẹsẹ̀ tèmi. Ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó lé ní ọgọ́rin. Nígbà tí a débẹ̀, ó jókòó, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Ọkùnrin àgbà kan wà lórí ìjókòó náà, ó sún fún un, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ yìí mà pẹ́ o. Raleigh àtijọ́ ni, àbí?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Raleigh. Wọ́n sọ ọ́ títí oòrùn fi mú. Ọkùnrin náà kò sọ pé pẹ̀lẹ́, kò sì bi í léèrè ohun tí ó ṣe ọwọ́ rẹ̀.

A ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Ó ṣíwọ́ fífi ìjókòó wọn ọ̀nà, igi ni ó ń kà. "Lónìí, igi márùn-ún." "Lónìí, igi mẹ́jọ, ìyẹn fúrúùtù ńlá yẹn wà nínú rẹ̀." Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni àwọn olùkọ́ wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́, mo rò ó, mo fi í sílẹ̀. Kò sí lábẹ́ táńkì omi mọ́, inú pálọ̀ ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, níbikíbi, ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ àwọn ọgbà tí ó wà ládùúgbò yín. Kì í ṣe kí ẹ mọ orúkọ wọn nìkan. Ẹ mọ èyí tí ó ní ìjókòó, èyí tí àgbàlagbà lè wọ̀ láì gun àtẹ̀gùn, èyí tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jókòó lásán. Bí ẹ kò bá ní kẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹ kò mọ ọjọ́ tí ẹnìkan nílé yín yóò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọgbà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, nítorí owó orí àwọn òbí wa ni wọ́n fi gbìn ín.

Mo máa ń pe bàbá mi lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. N kì í bi í pé báwo ni ara, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń bi í bẹ́ẹ̀. "Igi mélòó lónìí, sà?" ni mo máa ń bi í. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ó ní igi mẹ́tàdínlógún. Mo ní, "Dádì, kí ló wá kù kí á dé Ọjọ́ta?"

Ó ní, "Afárá nìkan."